Níbo ni kí n bímọ sí ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó? Ìfiwéra ibi mẹ́rin fún aboyún àti ará ilé rẹ̀

Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, ohun tí mo fi yan ibi tí mo máa bí i sí ni pé ilé ìwòsàn náà mọ́ tónítóní, iná kì í kú níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì wọn sì lẹ́nu dídùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó yẹ kí n bèèrè ohun mìíràn. Láti agogo mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n ti ń sọ fún ọkọ mi pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ jáde nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àárọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀lé e. Mo rántí aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ mi: wọ́n ká a kúrò, wọ́n tẹ́ òmíràn, wọ́n tún ká ìyẹn náà, kò sẹ́ni tó wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọn kò ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, wọn kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ wa. Ìgbà tí ìyá mi figbe ta ni wọ́n tó kọ ìwé tí a fi gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo yè é, ọmọ náà yè é.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé bí ìbí bá rọrùn, gbogbo ilé ìwòsàn ló dára. Ìgbà tí nǹkan bá yí ni ìyàtọ̀ ń hàn. Láti ìgbà náà, mo ti tẹ̀lé àwọn àbúrò mi, àwọn ìyàwó ilé wa àti àwọn ará ìjọ mi lọ síbi ìbímọ, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, mo sì ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì oríṣiríṣi ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Bí mo ṣe ń fi wọ́n wéra nìyí, fún ẹni tó lóyún, fún ọkọ rẹ̀, àti fún ìyá ọkọ pẹ̀lú, nítorí ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ ibi tí a ó lọ sábà máa ń wà.

Ibi mẹ́rin tó wà níwájú wa

Àkọ́kọ́ ni hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò, tí ìjọba ń pè ní ilé ìlera alábọ́dé. Èkejì ni ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba: Mother and Child tó wà ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́, èkejì rẹ̀ tó wà ní Oǹdó, àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ní ẹ̀ka ní ìlú méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni ilé ìwòsàn aládàáni. Ẹ̀kẹrin ni ilé agbẹ̀bí, yálà ti ìjọ tàbí ti ìyá àgbà tó ń fi àgbo gbẹ̀bí nínú ilé rẹ̀.

Ẹni tó ti ń gbé ìpínlẹ̀ yìí tipẹ́ á rántí Abíyè, ètò ìjọba fún àwọn aboyún. Ọdún 2009 ni ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará Ìgbàrà-Òkè àti ìlú tó yí wọn ká. Ohun tí mo mú nínú ètò náà títí dòní ni bí wọ́n ṣe pín ohun tó ń pa aboyún sí ìpẹ́tì mẹ́rin: kí a pẹ́ kí a tó pinnu láti lọ, kí a pẹ́ lójú ọ̀nà, kí a débẹ̀ kí wọ́n má tètè dá wa lóhùn, àti kí ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a má tètè fi wá ránṣẹ́ síbi tó ju tirẹ̀ lọ. Ìpẹ́tì kẹrin yìí ló fẹ́ẹ̀ pa mí. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 sọ pé nínú ọmọ 100,000 tí a bá bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 512 ló ń kú. Nígbà náà, kò tó ọmọ mẹ́rin nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń bí sí ilé ìwòsàn.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya

Ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ṣáájú nítorí kì í fúnni láyè. Obìnrin tó lera, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ yàrá ìrọbí, lè kú láàárín wákàtí méjì bí kò bá sẹ́ni tó dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Bí ọmọ bá ti jáde, ó yẹ kí wọ́n gún ìyá ní abẹ́rẹ́ oxytocin lójú ẹsẹ̀, kí ilé ọmọ lè fún pọ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kò fẹ́ ooru rárá. Inú fìríìjì ni ààyè rẹ̀, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n òtútù. Èyí tó bá ti jókòó sórí tábìlì láti oṣù tó kọjá, agbára rẹ̀ á ti dín kù, ẹni tí wọ́n gún un fún kò sì ní mọ̀.

Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó bá dúró dáadáa ní abẹ́rẹ́ yìí, ó ní nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó mọ bí a ṣe ń fọwọ́ ra ikùn kí ilé ọmọ lè le, ó sì lè fọwọ́ yọ ibi ọmọ tó bá kọ̀ tí kò jáde. Ohun méjì ni kò ní: yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà síni lára. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó wà láàárín Àkúrẹ́ àti èyí tó wà ní abúlé oko lẹ́yìn Ìdànrè kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ọ̀dà tí wọ́n fi kùn wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó wà nítòsí Ọjà Ọba lè dé Òkè-Àró kíákíá. Ẹni tó wà lóko á kọ́kọ́ wá ọ̀kadà, á sì wá ẹni tó máa gbé e lórí ọ̀kadà náà.

Ilé ìwòsàn ńlá ní ohun méjèèjì, dókítà sì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́jú. Àléébù tirẹ̀ ni èrò. Wọ́n á sì ní kí ọkọ tàbí ará ilé fi ẹ̀jẹ̀ dípò èyí tí wọ́n bá lò. Mo máa ń sọ fún àwọn ọkọ pé kí wọ́n lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù ìbí tó wọlé, kí wọ́n má dúró di òru tí wọ́n á máa pe ọ̀rẹ́ kiri.

Ilé ìwòsàn aládàáni ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù. Òmíràn wà tí onímọ̀ nípa ìbímọ ló ni ín, tó ń sùn lókè ilé náà, tí yàrá iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì ṣetán nígbàkígbà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé dókítà ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbòmíràn, àwọn ọmọdébìnrin tó kọ́ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí wọn kò dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ni wọ́n ń gbẹ̀bí, wọ́n á sì máa pe dókítà lórí fóònù. Tí ẹ bá dúró ní géètì, ẹ kò lè fojú mọ èwo ni èwo. Ẹ bi wọ́n pé: "Bí ó bá di agogo méjì òru tí ó sì di iṣẹ́ abẹ, ta ló máa ṣe é, níbo ló sì ń sùn?" Ẹ tún bi wọ́n pé: "Níbo ni ẹ ti ń gba ẹ̀jẹ̀?" Bí ìdáhùn bá ń lọ́ sọ́tùn-ún sósì, ẹ dìde.

Ilé agbẹ̀bí kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Àgbo kò lè fún ilé ọmọ tó ti rọ̀ pọ̀.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ibi ìbímọ ní ìpínlẹ̀ wa máa ṣe. Ní ọdún 2023, èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àwọn obìnrin tó lé ní 200,000 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti South Africa. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ìlà sàmì sí sábẹ́ obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà gan-an. Bí ó bá ti lé, gbogbo ìtọ́jú ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò ní máa dán ọ̀kan wò kí wọ́n tó ṣe èkejì. Ewu ẹ̀jẹ̀ tó le gan-an fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ọ̀rá lásán! Aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń ká lábẹ́ mi ni mo rántí nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti gìrì aboyún

Ẹ̀fọ́rí tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ìrora lábẹ́ egungun ìhà, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì: ẹ má gbé èyíkéyìí nínú wọn lọ sílé àdúrà kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. 140 lórí 90 ti pọ̀ jù. Bí ó bá di gìrì, àwọn èèyàn á ní iṣẹ́ ayé ni. Oògùn rẹ̀ wà, magnesium sulphate ni orúkọ rẹ̀, èsì ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ọdún 2002 sì fi hàn pé bí wọ́n bá tètè fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ó ń dín ewu gìrì kù ní ìdajì.

Lórí èyí, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àti ilé ìwòsàn ńlá lè bá ara wọn dọ́gba nígbà oyún, nítorí ìwọ̀n lemọ́lemọ́ ni olórí iṣẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ láti ọdún 2016 pé kí aboyún rí elétò ìlera ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ, kí ti àkọ́kọ́ sì jẹ́ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Ṣùgbọ́n ẹ wo káàdì yín dáadáa. Mo ti rí káàdì aboyún kan tí wọ́n kọ 120/80 sí nígbà mẹ́fà léraléra. Mo bi í bóyá wọ́n ń so nǹkan mọ́ ọn lápá. Ó ní bátìrì ẹ̀rọ wọn ti kú tipẹ́. A kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí ọmọ kò bá ké

Ìṣẹ́jú kan péré ni. Ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan ní Oǹdó, mo wà lẹ́bàá ìyàwó àbúrò mi nígbà tí ọmọ rẹ̀ jáde tó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí náà kò pariwo. Ó nu ọmọ gbẹ, ó ra á lẹ́yìn, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, ó fi ìbòmú kékeré bo ẹnu àti imú rẹ̀, ó sì ń fún báàgì tó wà lẹ́yìn rẹ̀: fún, méjì, mẹ́ta, fún, méjì, mẹ́ta. Ó ń ka á sókè. Mo rí i tí àyà bíńtín náà ń gbéra. N kò mọ iye ìgbà tó ti fún un kí ọmọ náà tó sín, tó sì figbe bọnu.

Báàgì àti ìbòmú yẹn kì í ṣe ohun olówó gọbọi, kò sì nílò iná. Ẹ bèèrè kí wọ́n fi tiwọn hàn yín. Bí ó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Fífi ẹsẹ̀ ọmọ kọ́ kí wọ́n máa gbá a nídìí, tàbí dída omi tútù lé e lórí, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé agbẹ̀bí, ń fi ìṣẹ́jú tó yẹ kí atẹ́gùn fi wọlé ṣòfò ni.

Ohun tí agbẹ̀bí ní tí àwọn yòókù kò ní

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bẹnu àtẹ́ lu àwọn ìyá wa. Àwọn obìnrin kì í lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí nítorí òpè ni wọ́n. Ìyá agbẹ̀bí á jókòó tì ọ́ mọ́jú, á fi omi gbígbóná ra ọ́ lẹ́yìn, á pè ọ́ ní ọmọ mi, á jẹ́ kí ìyá rẹ wà níbẹ̀, á ṣe ẹ̀kọ gbígbóná fún ọ, á sì gba owó rẹ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó síbi tí nọ́ọ̀sì ti ń bi obìnrin tó ń rọbí pé, "Nígbà tí o ń ṣe é, ṣé o pè mí?" Obìnrin tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá, á sì kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀.

Ní ọdún 2014 ni ìpínlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ Agbẹ̀bíyè, tí wọ́n ń rọ àwọn ìyá agbẹ̀bí láti máa mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń fún wọn ní ìwúrí, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà tó dára jù nìyẹn. Bí ọkàn rẹ bá wà lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí, lọ gba àdúrà rẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀lé ọ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Àmọ́ kọ́kọ́ bi wọ́n níbẹ̀ bóyá wọ́n ń gba ẹnì kan láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ibi tó bá gbà bẹ́ẹ̀, mo máa ń fún un ní àmì dáadáa.

Owó

Ẹ má bèèrè owó ìbímọ nìkan. Ẹ bèèrè iye tí yóò jẹ́ bí ó bá di iṣẹ́ abẹ, bí ìkókó bá ní láti dúró, àti bí wọ́n bá gbé yín lọ síbòmíràn. Ibi tó rọjú lẹ́nu ọ̀nà lè di ìlọ́po méjì, nítorí ẹ ó sanwó níbẹ̀, ẹ ó tún sanwó níbi tí wọ́n gbé yín lọ, bó ṣe ṣe wá. Ẹ bèèrè nípa Àbíyamọ, apá ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Oǹdó tó wà fún aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ nígbà tí oyún ṣì kéré.

Ta ni kó lọ síbo?

Tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ rí, tí o lóyún ìbejì, tí ọmọ jókòó tàbí dábùú, tí ẹ̀jẹ̀ ti ya ọ́ rí nígbà ìbí, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru, tí o jẹ́ SS, tàbí tí èyí jẹ́ ọmọ karùn-ún sókè, ilé ìwòsàn ńlá ni kí o ti forúkọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Àkọ́bí náà, mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ tàbí níbi tó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, nítorí a kò tíì mọ bí ara ṣe máa ṣe é.

Ẹni tó ti bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láìsí wàhálà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, tí PCV rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó, sì dé 33, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó ní nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tòsán-tòru dára fún un ju ilé ìwòsàn aládàáni olówó ńlá tí dókítà kì í gbé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ohun tí a fowó ńlá rà ló dára jù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ìkókó bá délé

Níbi ìwọ́, gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ló borí Dettol, sípíríìtì, ìpara eyín àti aṣọ gbígbóná tí àwọn ìyá àgbà fi ń tẹ ìdodo. Lọ́jọ́ tí a bí ọmọ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ títí di ọjọ́ keje. Ẹ fi ojú sí i: túùbù rẹ̀ jọ ti oògùn ojú, ó sì lè fọ́ ọmọ lójú. Ẹ gbé e jìnnà sí oògùn tí ẹ̀ ń kán.

Ìwẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó di wákàtí 24. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ á ti gbé kàn-ìn-kàn-ìn dání. Ẹ fi sùúrù bẹ̀ ẹ́. Òtútù ń pa ìkókó, nǹkan funfun tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, ọmú ló sì yẹ kó kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀, láàárín wákàtí kan tí ó délé ayé.

Bí ojú ọmọ bá pọ́n bí epo, oòrùn àárọ̀ kò tó. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n sì fi sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù. Bí ó bá pọ́n kó tó pé wákàtí 24, ẹ sáré. Ẹ má sì fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ìkókó. G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa, òórùn káńfọ̀ sì ń tú ẹ̀jẹ̀ wọn ká. Ibà pọ́njú tí a fi falẹ̀ lè gba etí ọmọ, ó lè sọ ọ́ di ẹni tí kò lè jókòó.

Ọmọ tí kò pé oṣù ńkọ́? Ẹ̀rọ amúmọ-móoru ni gbogbo ènìyàn ń wá, ṣùgbọ́n èsì ìwádìí tó jáde ní ọdún 2021, tí Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi márùn-ún tí wọ́n ti ṣe é, fi hàn pé bí wọ́n bá gbé ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ lé ìyá láyà, àwọ̀ kan àwọ̀, lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí i, ikú ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù ju kí wọ́n kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń bèèrè nípa ẹ̀rọ, ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kí ìyá wà pẹ̀lú ọmọ níbẹ̀.

Ọkọ̀ òru

Ibi yòówù kí ẹ yàn, ẹ ti mọ ẹni tó máa gbé yín. Nígbà tí oyún àbúrò mi tó ń gbé lọ́nà Ìjọ̀kà wọ oṣù kẹjọ, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà awakọ̀ méjì sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì bá àwọn méjèèjì sọ ọ́ ṣáájú, iye tí wọ́n máa gbà àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Òru ọjọ́ Ẹtì kan ni omi já. A pe ti àkọ́kọ́, kò gbé e. A pe èkejì. Ó ní, "Ẹ gbé báàgì síta, màmá, mo ti ń wọ ṣòkòtò."